Ẹyin Àdùkẹ́ Ni Mo Fi Ya Àdùkẹ́

Màmá onílé mi ló kọ́kọ́ sọ ìtàn olè yìí fún mi, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí mo ti ń ṣiṣẹ́, ní Ìjù-Ọ̀tà níbí. Ó ní ẹnìkan ń jí ẹyin Àdùkẹ́, adìẹ ìbílẹ̀ rẹ̀ tó fẹ́ràn bí ọmọ. Mo ń mirí, mo ń ṣe pẹ̀lẹ́... bẹ́ẹ̀ ẹyin ọ̀hún ló wà nínú abọ́ lẹ́sẹ̀ mi. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ bá mi dá sí i o.

Ẹranko ni mo máa ń yà, bí àwọn Òyìnbó ayé àtijọ́ ṣe ń ya ẹni mímọ́. Pupa ẹyin ni mo fi ń po àwọ̀. Tó bá kan ti wúrà, màá mí èémí gbígbóná sí amọ̀ pupa tí mo fi kun pákó, wúrà tó fẹ́lẹ́ ju èèpo àlùbọ́sà á sì lẹ̀ mọ́ ọn. Màmá fúnra rẹ̀ ló ní kí n ya Àdùkẹ́ àti ọmọ rẹ̀. Ẹyin agric tí mo rà ní Iyana Iyesi, pupa rẹ̀ funfun bí omi ògì! Ni mo bá ń yọ ti Àdùkẹ́ bó bá ṣe ń yé e, mo ń fi ẹyọ kan sílẹ̀ kó má baà kọ ìtẹ́. Ọmọ tí ì bá pa, èmi ni mo ń fi yà á...

Ta ni wọ́n mú? Ìyá Bíọ́dún tó wà ní yàrá kejì sí tèmi, tó ń ṣiṣẹ́ ní kọ́ńpìnnì ní Agbára. Wọ́n rí èèpo ẹyin lábẹ́ fèrèsé rẹ̀. Èmi ni mo dà á síbẹ̀. Tó bá ti sọ̀ kalẹ̀ nínú staff bus, àwọn ọmọ àdúgbò á pariwo pé, "Àwòdì dé o, ẹ kó adìẹ wọlé!"

Ó kúnlẹ̀ níwájú mi lójú gbogbo ilé. "Bùrọ̀dá, ẹ̀yin lẹ máa ń wà nílé. Ṣé ẹ rí mi nídìí adìẹ yẹn rí?" Mo ní iṣẹ́ mi ni mò ń wò, n kì í wo ẹsẹ̀ èèyàn. Ẹnìkan rẹ́rìn-ín. Kí ló dé tí mo sọ bẹ́ẹ̀? Ṣé mi ò lè dákẹ́ ni?

Màmá lé e jáde. Inú ilé tí wọn ò tíì kàn lórùlé ni òun àti ọmọ rẹ̀ ń sùn báyìí. Àwòrán náà sì dára, n ò ní purọ́. Màmá gbé e kọ́ sí pálọ̀, inú rẹ̀ dùn débi pé ó fún mi ní yàrá Ìyá Bíọ́dún lọ́fẹ̀ẹ́, kí n máa ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Mo gbà á...

Lánàá, Ìyá Bíọ́dún wá kó ìkòkò rẹ̀ tó ṣẹ́kù, ó bá mi nínú yàrá. Ó rò pé mò ń bá òun ṣọ́ ọ ni. Ó dúpẹ́, ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n bá òun bẹ Màmá.

Ìwọ tó ń ka èyí, sọ fún mi: ṣé kí n lọ bá a bẹ̀bẹ̀ bí aláàánú, àbí kí n lọ jẹ́wọ́ bí olè?