Ẹni tí yóò bá mi lọ sí erékùṣù Màámi

Ìrètí,

"Ta ni yóò bá mi lọ?" Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo bi yín lánàá nídìí oúnjẹ. Fóònù ni ìwọ ń wò, Bàbá tẹjú mọ́ abọ́ wọn.

Ọdún kan pé lónìí tí a sin Màámi. Nígbà ayé wọn, gbogbo wa la máa ń bá wọn wọkọ̀ ojú omi ní Lọ́kọ́jà lọ sí erékùṣù kékeré tí wọ́n bí wọn sí. Èmi nìkan ni yóò lọ lọ́dún yìí. Màá padà dé kílẹ̀ tó ṣú.

Fún Bàbá lóògùn wọn lẹ́yìn oúnjẹ. Bí àwọn ẹbí wa láti Ọ̀kà bá wá, ṣàlàyé ibi tí mo lọ fún wọn. Má fọwọ́ kan ìwé àdììtú ọ̀rọ̀ tí mò ń yanjú.

Mo fẹ́ dágbére fún Bàbá, àmọ́ wọn ò sí ní yàrá, wọn ò sí lẹ́yìnkùlé.

Dúró ná. Mo ti rí wọn láti ojú fèrèsé. Wọ́n ti dé fìlà, wọ́n ti jókòó sẹ́yìn nínú mọ́tò mi. Wọ́n fi iwájú sílẹ̀ fún Màámi, bíi ti tẹ́lẹ̀.