Ọkọ Nọ́ọ̀sì

                                        Ilé Kẹta,
                                        Òpópónà Àwọn Káfíńtà.
                                        Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Kẹfà.

Ọ̀rẹ́ mi bí ọmọ ìyá,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Baálé rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé ara ìyá wa ti ń le díẹ̀díẹ̀? Èmi náà ń mí, àmọ́ ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kò rọrùn lẹ́nu. Jókòó kí o tó kà á.

Ọkọ àbúrò mi, káfíńtà tí o sọ ní Ẹ̀rín-ò-tán, ti fi wá sílẹ̀. Jẹjẹrẹ ìfun ńlá ni.

O mọ̀ pé nọ́ọ̀sì ni àbúrò mi. Lọ́dún tó kọjá, òun gan-an ló ń kiri ojúlé dé ojúlé, tó ń pe àwọn àgbà wá gba ike kékeré ní gbọ̀ngàn àdúgbò. Ìgbẹ́ díẹ̀ ni wọ́n ń fi sínú rẹ̀. Wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ẹ̀jẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí wà níbẹ̀, kí àrùn náà tó ta gbòǹgbò. Gbogbo àdúgbò gbà, ọkọ rẹ̀ kọ̀. Ó ní, "Kí n bu ìgbẹ́ lé ìyàwó mi lọ́wọ́? Ojú wo ni mo máa fi wò ó nídìí oúnjẹ?" A rẹ́rìn-ín títí. Àbúrò mi gbé ike náà sórí tábìlì iṣẹ́ ọkọ rẹ̀. Ọkùnrin náà kó ìṣó sínú rẹ̀.

Àṣé ó ti ń rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́ rẹ̀! Ó ń pè é ní jẹ̀díjẹ̀dí, ó ń ra oògùn lò ní kọ̀rọ̀. Ìgbà tó ṣubú nídìí ayùn la tó gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà. Àrùn náà ti ràn dé ẹ̀dọ̀. Ó di ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú, ó ní, "Ojú ló ń tì mí. Ìwọ gan-an ni mi ò fẹ́ kí o rí ìdọ̀tí mi." Ọ̀rẹ́ mi, ìyàwó yìí kan náà ló ń nù ún nídìí títí ó fi dákẹ́.

Àwọn tó ń bá wa kẹ́dùn ń wí pé àìsàn ló ṣeé wò, kò sẹ́ni tó rí ti ọlọ́jọ́ ṣe. Àmọ́ èyí ṣeé wò.

Ìyá aránṣọ tó múlé tì wọ́n wà lára àwọn tí wọ́n bá ẹ̀jẹ̀ nínú ike tiwọn. Wọ́n tètè gé kókó tó wà nínú ìfun rẹ̀ kúrò, ara rẹ̀ ti yá. Lánàá, ó wá kí wa, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà ló dúró sí, bí ẹni pé wíwà láàyè rẹ̀ jẹ́ àfojúdi sí wa. Àbúrò mi ló dìde, ló fà á wọlé, ló gbé orí lé e léjìká. Ó ní, "Ẹ ṣeun tí ẹ gbọ́ tèmi, mà." Ìgbà yẹn ló tó sunkún fún ìgbà àkọ́kọ́.

Bá mi kí ìyá wa. Kí baálé rẹ náà, kí o sì mú un lọ fún àyẹ̀wò. Má gba àwàdà lẹ́nu rẹ̀.

Tìrẹ ni mo jẹ́ nínú ọ̀fọ̀,
Adúmáadán