Ohùn Ọkùnrin Tó Wà Nínú Fóònù Fọlákẹ́

Ẹ kú ilé o, Màmá mi. Ẹ kú ìtọ́jú Fọlákẹ́, ẹ kú omi gbígbóná, ẹ kú àìsùn. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ìlú Hull nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí. Mo kí Bàbá Adé, àbúrò bàbá wa, tó ń ṣe olórí ẹbí láti ìgbà tí bàbá wa ti lọ. Mo kí àwọn ìyá ìjọ tó ń wá wo Fọlákẹ́, mo sì kí gbogbo ará Ìdásẹ̀n. Ó yẹ kí n béèrè bóyá òjò ń rọ̀ dáadáa, bóyá iṣu ti ta. Ẹ dárí jì mí, inú ń bí mi débi pé mi ò lè béèrè iṣu.

Bàbá Adé pè mí lórí fóònù, wọ́n ní ọ̀rọ̀ ilé ni ọ̀rọ̀ àbúrò mi, kò gbọ́dọ̀ dé etí ará ìta. Mo ní ó ti pẹ́ jù. Kọ́lá ọkọ Fọlákẹ́ fúnra rẹ̀ ló gbé fóònù ìyàwó ẹ̀ jáde sójúde, tó yí ohùn inú rẹ̀ sókè kí gbogbo àdúgbò lè gbọ́, nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lẹ́nu Fọlákẹ́ lórí sìmẹ́ǹtì. Òun ló pe ará ìta. Kí wọ́n dúró gbọ́ ìyókù. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ lẹ́tà yìí síbi tí ojú gbogbo èèyàn ti lè tó o.

Ọjọ́ Ìsinmi ni, wọ́n ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Fọlákẹ́ ń gún iyán fún ọkọ ẹ̀, ó ki íapíìsì bọ etí kan, ó ń gbọ́ ìtàn. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ láti yí iyán, wáyà náà já kúrò lára fóònù, ohùn ọkùnrin kan sì jáde nínú ilé ìdáná. Èdè Ọ̀wọ̀ lohùn náà ń sọ, bí a ṣe ń sọ ọ́ nílé wa gan-an. Ó ń bi obìnrin kan pé ṣé kí òun wọlé ni àbí kí òun padà, pé èyí tó bá wù ú ni kó sọ, òun ò ní bínú. Kọ́lá gbọ́ ọ láti pálọ̀. Kò bi ìyàwó ẹ̀ ní nǹkan kan. Ó já ọmọ odó gbà lọ́wọ́ ẹ̀, ó là á mọ́ ọn lápá, egungun kán. Nígbà tí Fọlákẹ́ ṣubú, ó fi bàtà ṣọ́ọ̀ṣì gbá a lẹ́nu, eyín iwájú yọ. Ó wá di irun rẹ̀ mú, ó wọ́ ọ jáde bí ẹni wọ́ àpò gààrí.

Màmá, kì í ṣe pé Kọ́lá ò mọ fíìmù oníhòòhò. Wọ́n kún inú fóònù tirẹ̀. Ìyẹn gan-an ló ṣì í lọ́nà. Gbogbo èyí tó ti wò láyé ẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ níbẹ̀ tí wọ́n bá tiẹ̀ sọ̀rọ̀ rárá, kò sí èyí tó ń sọ èdè Ọ̀wọ̀. Ó wá dá a lójú pé ọkùnrin tó ń sọ èdè wa nínú fóònù ìyàwó òun ní láti jẹ́ èèyàn ìtòsí. Ohun kejì tó fi ṣe ẹ̀rí ló dùn mí jù. Ó sọ fún Bàbá Adé níwájú ẹbí pé ọkọ kì í bá ìyàwó ẹ̀ sọ̀rọ̀ báyẹn, pé àlè nìkan ló ń tọrọ àyè lọ́wọ́ obìnrin. Wọ́n ní àwọn ọkùnrin tó jókòó níbẹ̀ ń mi orí sí i.

Lẹ́yìn tó kán apá ìyàwó ẹ̀ tán, ó wá ẹni tó ni ohùn lọ. Ọlọ́kadà kan wà, ọmọ ìlú Ẹlẹ́gbẹ̀ka, tó máa ń gbé Fọlákẹ́ lọ síbi iṣẹ́ ẹ̀ ní Poli láràárọ̀. Ó máa ń rọra sọ̀rọ̀, ó sì máa ń kí i dáadáa. Ẹ̀rí tí wọ́n ní ò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kọ́lá àtàwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ ká a mọ́ ibi tó ti ń dúró de èrò, wọ́n fi igi àti bẹ́líìtì na án, wọ́n dáná sun ọ̀kadà ẹ̀. Wọ́n ní kó máa sọ ọ̀rọ̀ inú fóònù náà sókè, kí àwọn lè fi ohùn wé ohùn. Ọmọ ọlọ́mọ ń sọ pé ṣé kí òun wọlé ni àbí kí òun padà, wọ́n sì ń gbá a lẹ́nu bó ṣe ń sọ ọ́. Mo gbọ́ pé ojú ọ̀tún rẹ̀ ò tíì là títí di bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí.

Èmi ni mo kọ ìtàn náà. Kò sí àlè kankan níbì kan. Ọkùnrin tó ka ìtàn náà, Túnjí ni, ọmọ Ọ̀wọ̀ tó ń wa bọ́ọ̀sì níbí. Ìyàwó ẹ̀ máa ń jókòó tì í tó bá ń kà á, torí pé ó máa ń kà á bíi pé ẹ̀kọ́ kìíní ni wọ́n ní kó wá kà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìyàwó náà á wá gbá a lórúnkún pé kó rọra, wọn ò ní gba owó igbá lẹ́yìn ẹ̀. Ẹ rí i bí ohun tí wọ́n torí ẹ̀ fọ́ ojú èèyàn ṣe jẹ́. Tọkọtaya kan ló ń fi ara wọn rẹ́rìn-ín nínú yàrá tútù.

Ẹ ó fẹ́ mọ bí mo ṣe dé ìdí ẹ̀. Ẹ mọ̀ pé àwọn arúgbó ni mò ń tọ́jú níbí. Òtútù ibí yìí kì í ṣe ti ọyẹ́ tí ẹ mọ̀, inú eegun ló máa ń wọ̀, oòrùn á sì ti lọ kí n tó jáde níbi iṣẹ́. Mo lè wà nílé láti ìgbà tí mo bá ti dé, kí ẹnikẹ́ni má pe orúkọ mi. Fọlákẹ́ nìkan ló máa ń pè mí. Ní ọjọ́ kan ó bi mí pé níbi tí mo wà yìí, ṣé mi ò rí fíìmù kankan tí wọn kì í ti í gbá obìnrin létí. Mo rò pé ó ń ṣàwàdà ni. Ó ní rárá, pé èyí tí Kọ́lá ń wò, ó ń fún òun wò tipátipá, ohun tí wọ́n bá sì ṣe fún obìnrin inú ẹ̀ ni yóò ṣe fún òun, ìfọ́tí, ìfúnlọ́rùn, gbogbo ẹ̀. Tí òun bá sunkún, á ní obìnrin tó wà nínú fíìmù kò sunkún.

Màmá, ẹbí ò ṣe ìpàdé kankan lórí ìyẹn.

Mo wá kọ ìtàn kan fún un, mo ní kí Túnjí kà á sínú fóònù, mo fi ránṣẹ́. Fọlákẹ́ gbọ́ ọ tán, ó ní kí n kọ òmíràn. Ó fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ ẹ̀ kan, ọ̀rẹ́ náà fi ránṣẹ́ sí òmíràn, àwọn àgbàlagbà obìnrin ni gbogbo wọn, ọlọ́kọ, opó, ẹni tó ti kọ ọkọ. Wọ́n ń pè é ní ìtàn yàrá. Kí n tó mọ̀, wọ́n ti ń sọ ohun tí wọ́n fẹ́ fún mi, ẹnu sì yà mí. Èmi fúnra mi ti rò pé ọ̀rọ̀ dídùn àti òdòdó ni obìnrin ń fẹ́ gbọ́, pé kí n yára pa iná kí n ti ilẹ̀kùn. Ìyàwó kátíkíìsì kan ní Ìmọ̀rù ló kọ́kọ́ bá mi jà. Ó ní kí ló dé tí mo máa ń ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn sẹ́yìn níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti ń gbóná, pé ta ló sọ fún mi pé ojú ń ti òun. Nọ́ọ̀sì kan ní Ọ̀wọ̀ ní ó ti sú òun kí ọkùnrin máa darí obìnrin nínú gbogbo ìtàn, òun fẹ́ èyí tí obìnrin á ti máa pàṣẹ, tí ọkùnrin á sì máa ṣe bó ṣe wí. Opó kan ní kí n kọ nípa obìnrin tí ọmú ẹ̀ ti sọ̀ kalẹ̀, tí orúnkún ń dùn, tí ara ẹ̀ ṣì ń fẹ́, nítorí gbogbo ohun tí òun ń rí, ọmọdébìnrin ló wà níbẹ̀. Òmíràn ní àfi kí wọ́n rẹ́rìn-ín nínú ẹ̀, pé òun ò rí ibi tí wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín nínú fíìmù ọkọ òun rí, wọ́n máa ń fajú ro bí ẹni ń gbẹ́ kànga. Ẹnì kan tilẹ̀ wà tó ní òun fẹ́ràn kí ó le díẹ̀, kí wọ́n di òun mú, bí òun bá ti lè sọ pé ó tó kí ó sì tó. Àwọn yòókù bá a jiyàn títí, kò yẹsẹ̀.

Ẹnu wọn ò kò, èmi náà ò sì wá bí yóò ṣe kò. Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tí kò sí ẹni tó jiyàn sí nínú wọn: kí ẹnì kan bi obìnrin inú ìtàn náà ní ohun tó fẹ́, kó sì dúró gbọ́. Kọ́lá rò pé ohun tí obìnrin tó bá ń gbọ́ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ń wá ni ọkùnrin mìíràn. Àwọn ìyá ìjọ rò pé obìnrin rere ò wá nǹkan kan. Àwọn méjèèjì ò bi Fọlákẹ́.

Láti ìgbà tí mo ti gbọ́, inú ò yéé bí mi. Mo fọ́ ife níbi iṣẹ́, mo ní ó bọ́ ni. Irọ́ ni, ògiri ni mo sọ ọ́ mọ́. Mo lálàá pé ọmọ odó yẹn wà lọ́wọ́ mi, mo sì ń lù ú mọ́ Kọ́lá lọ́wọ́, ìka kan lẹ́yìn òmíràn. Inú mi dùn nínú àlá náà, ó tún dùn nígbà tí mo jí. Ẹ má wulẹ̀ gbàdúrà pé kí Ọlọ́run mú un kúrò lọ́kàn mi, mi ò tíì ṣetán.

Bàbá Adé ní ẹbí ti parí ẹ̀. Wọ́n ní lọ́jọ́ Sátidé, Kọ́lá àtàwọn èèyàn ẹ̀ máa wá mú Fọlákẹ́, pé Fọlákẹ́ máa kúnlẹ̀ tòun ti apá tó kán, á tọrọ àforíjì fún ìtìjú tó kó bá ọkọ ẹ̀, ẹ̀yin náà á sì fà á lé wọn lọ́wọ́. Wọ́n ní ẹ ti gbà. Tó bá padà sínú ilé yẹn, Màmá, òkú ẹ̀ ni wọ́n á gbé jáde. Fọlákẹ́ sọ ọ́ fún mi pẹ̀lú ẹnu tó wú.

Ọ̀rọ̀ tó kù, ẹ̀yin nìkan lẹ lè jẹ́rìí sí i. Nígbà tí a wà ní kékeré, tí òjò bá lé yín wálé láti oko lọ́sàn-án, Bàbá á wẹ̀, á wá dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá yín. Kò sí ilẹ̀kùn níbẹ̀, kọ́tìnì lásán ni. Ilé tó fọwọ́ ara ẹ̀ kọ́ ni, síbẹ̀ á wúkọ́, á bi yín pé ṣé kí òun wọlé ni àbí kí òun padà, pé èyí tó bá wù yín ni kẹ́ ẹ sọ, òun ò ní bínú. Nígbà mìíràn ẹ máa ń ní kó wọlé, ẹ ó sì rán àwa ọmọ lọ sílé Ìyá Àgbà. Nígbà mìíràn ẹ máa ń ní ó ti rẹ̀ yín. Á rẹ́rìn-ín, á wá jókòó tì wá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, á máa sun àgbàdo fún wa, kò sì ní fajú ro títí ilẹ̀ á fi ṣú. Mi ò wo fíìmù kankan kọ́ ọ̀rọ̀ yẹn. Ẹnu ọ̀nà yàrá yín ni mo ti gbọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ bàbá Fọlákẹ́ ni Kọ́lá gbọ́ tó fi kán an lápá.

Bàbá Adé ní nígbà tí wọ́n tan ohùn náà nípàdé, ẹ fi ìborùn bojú, ẹ sì ń sunkún. Wọ́n rò pé ojú ló ń tì yín. Ẹ̀yin lẹ mọ ẹni tí ẹ gbọ́.

Ẹ jọ̀ọ́ Màmá mi, ní Sátidé, ẹ jẹ́ kí wọ́n dúró sí ìta. Ẹ lọ sẹ́nu ọ̀nà yàrá tí Fọlákẹ́ sùn sí, ẹ wúkọ́, kí ẹ bi í bí Bàbá ṣe máa ń bi yín. Kí ẹ dúró gbọ́ ohun tó bá sọ. Tó bá ní òun ò lọ, ẹ wá ti ilẹ̀kùn ìta.

Ọlọ́run á fún yín lókun, á jẹ́ kí apá ọmọ yín jiná, á la ojú ọmọ Ẹlẹ́gbẹ̀ka. Ẹ bá mi kí ìyá ẹ̀, ẹ ní mò ń bọ̀ wá kí i fúnra mi. Ẹ bá mi kí Ìyá Àgbà àti gbogbo ilé. Ẹ sọ fún Fọlákẹ́ pé mo ti bẹ̀rẹ̀ òmíràn, pé kó sọ bó ṣe fẹ́ kó parí.

Èmi ni ọmọ yín,
Bọ́sẹ̀dé.