Àfín Nínú Wọ́ọ̀dù Aboyún

Ọjọ́ Ajé, 7 Oṣù Kọkànlá 1994
Dókítà ọ̀dọ́ méjì tí wọ́n rán sí mi ní ọsibítù Ìlá láti kọ́ṣẹ́ ìgbẹ̀bí ti dé. Babáyẹmí — bàtà rẹ̀ ń ró kó-kó-kó, mo ti ń pè é ní Bàtà. Èkejì, Fẹ́yìsayọ̀. Àfín ni. Ó mọṣẹ́ ju Bàtà lọ, ọwọ́ rẹ̀ sì rọ̀ lára aboyún. Ó ní iṣẹ́ yìí lòun fẹ́ ṣe dọjọ́ ogbó. Mo ní ó dáa. Àmọ́ mo ń bẹ̀rù ohun tí àwọn aboyún máa ṣe.

Ọjọ́bọ̀, 10 Oṣù Kọkànlá
Kò pẹ́ rárá. Aboyún kan láti Ọ̀tan rí i, ó yíjú, ó tutọ́ sáyà ara rẹ̀ kí ọmọ inú òun má baà di àfín. Ìyá ọkọ rẹ̀ ní kí wọ́n pe dókítà tó dúdú wá. Bàtà ló yẹ̀ ẹ́ wò. Fẹ́yìsayọ̀ kàn lọ fọwọ́, bẹ́ẹ̀ kò tíì fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́ Ẹtì, 11 Oṣù Kọkànlá
Mo kọ́ wọn lẹ́yìn àdúrà òwúrọ̀. Mo ṣe bí aláìsàn, mo tutọ́ sáyà, mo sọ̀kò ọ̀rọ̀. Bàtà ń rẹ́rìn-ín. Mo ní: ẹ má bá wọn jà, ẹ má sì sá. Ẹ jókòó tì wọ́n, ẹ béèrè ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù. Fẹ́yìsayọ̀ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ó wá ní, Mà, tí wọ́n bá tún kọ̀ ńkọ́? Mo ní kó ní sùúrù. Ẹ gbọ́ mi lẹ́nu! Sùúrù wo?

Ọjọ́rú, 16 Oṣù Kọkànlá
Ó jókòó, ó béèrè. Àwọn mẹ́ta ló kọ̀ ọ́ lónìí.

Ọjọ́ Ajé, 28 Oṣù Kọkànlá
Ìyàwó kátíkíìsì gbà fún un! Ọmọ tó bí dúdú bí kóró iṣin. Fẹ́yìsayọ̀ ń kọrin ká wọ́ọ̀dù. Èmi náà ń jó nínú ọ́fíìsì, àgbàlagbà bíi tèmi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6 Oṣù Kejìlá
Wọ́n tún kọ̀ ọ́. Méjì.

Ọjọ́ Ẹtì, 23 Oṣù Kejìlá
Oyèṣọlá ọmọ mi ti Èkó dé fún Kérésì. Oyún oṣù mẹ́jọ — lẹ́yìn ọdún méje tó ti ń retí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Ó ní orí ń fọ́ òun.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 24 Oṣù Kejìlá
Mo gbé e wá sí ọsibítù. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru. Ọmọ mi ni, n kò lè tọ́jú rẹ̀ fúnra mi. Fẹ́yìsayọ̀ ló wà lẹ́nu iṣẹ́. Bàtà ti lọ kí àwọn ènìyàn rẹ̀ ní Ire. Oyèṣọlá ti na apá sílẹ̀ fún un. Òun kọ́ ló kọ̀ ọ́. Èmi ni. Èmi ni mo ní kí ọlọ́kadà sáré lọ Ire lọ gbé Babáyẹmí wá.

Fẹ́yìsayọ̀ jókòó tì mí. Ó rọra ní, Mà, kí ló ń bà yín lẹ́rù? Mo mọ̀ pé irọ́ ni pé aboyún tó bá wo àfín á bí àfín, mo ti fi ọgbọ̀n ọdún sọ ọ́ fún aboyún. Ojú tì mí, síbẹ̀ n kò dá ọlọ́kadà padà. Wákàtí kan la fi dúró kí Babáyẹmí tó dé. Ní gbogbo àsìkò yẹn, Fẹ́yìsayọ̀ ń wọn ẹ̀jẹ̀ Oyèṣọlá léraléra, ó fún un lóògùn. N kò sọ pé kó má ṣe é. N kò sì sọ pé ẹ ṣé.

Ọjọ́ Ajé, 26 Oṣù Kejìlá
Ẹ̀jẹ̀ Oyèṣọlá ti wálẹ̀. Fẹ́yìsayọ̀ mú fọ́ọ̀mù wá: ó ní kí wọ́n gbé iṣẹ́ òun lọ sí yàrá àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, níbi tí aboyún kì í dé. Mo fẹ́ bẹ̀ ẹ́. Ẹnu wo ni mo fẹ́ fi bẹ̀ ẹ́? Mo bu ọwọ́ lù ú.

Ó kúnlẹ̀, ó dúpẹ́. Ó béèrè àlàáfíà Oyèṣọlá kó tó jáde.