Rímù Tí Ẹ Kàn Fún Mi

Bàbá mi, ẹni tí mo fi ojú jọ,

Èdè wa ni mo fi ń kọ èyí, ẹ má rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ẹ wà láyé, ẹ̀yin a sọ ọ́, èmi a fi Faransé jágajàga dá yín lóhùn. Mo ti ń kọ́ ọ báyìí. Bí mo bá ṣi ibì kan, ẹ bá mi tún un ṣe níbi tí ẹ wà.

Ìròyìn tí ẹ ó fẹ́ kọ́kọ́ gbọ́ rè é: eré ti parí. Ẹgbẹ́ baskẹ́ẹ̀tì Sùlé fìdí rẹmi lánàá, nínú ìdíje ìparí tó jẹ́ pé ẹni bá pàdánù lẹ́ẹ̀kan, ilé ló ń lọ. Ṣọ́ọ̀bù yín níbí la ti wò ó lórí fóònù. Nígbà tí bọ́ọ̀lù ìkẹyìn rẹ̀ lu etí rímù tó sì jábọ́ síta, gbogbo ará ilé ké yéè! Inú tèmi dùn díẹ̀. Ta ni mo tún lè sọ ọ́ fún?

Ẹ̀yin náà kúkú mọ̀. Láti ìgbà tí ọyẹ́ ti dé, ní gbogbo Sátidé, èmi ni mò ń jókòó lókè nínú gbọ̀ngàn baskẹ́ẹ̀tì ilé-ẹ̀kọ́ wa ní Àmẹ́ríkà, tí mo ń na fóònù síwájú kí ẹ lè wo Sùlé. Ọ̀sán ni lọ́dọ̀ wa, ìrọ̀lẹ́ ni lọ́dọ̀ yín. Apá á máa ro mí, ẹ ò ní jẹ́ kí n sọ ọ́ kalẹ̀. "Yí i sí ọ̀tún! Ó ti gbà á! Àkànní, fò!" Ọwọ́ mi lẹ ti ń fi oríkì rẹ̀ kì í. Bí eré bá sì tán, ẹ á bi mí: ṣé ó ti jẹun? Ṣé ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ ò dùn ún mọ́? Èmi ńkọ́, Bàbá? Mo ṣe ìdánwò lọ́sẹ̀ yẹn. Otútù mú mi. Ṣé ẹ bi mí ni, tí n ò gbọ́?

Ọmọ ọlọ́mọ ni Sùlé, ọmọ aládùúgbò wa, obìnrin tí ògiri wa kan ti tirẹ̀, tó kó débẹ̀ lẹ́yìn tí mo ti lọ. Ọdún tí ìyá mi mú mi lọ sí Àmẹ́ríkà lẹ kan rímù kẹ̀kẹ́ mọ́ òpó igi tíìkì iwájú ṣọ́ọ̀bù, nítorí mo sọ fún yín pé àwọn ọmọ ọ̀hún ń gbá baskẹ́ẹ̀tì, mo sì fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ ní kí n máa bọ̀ wá gbá a ní fàkáǹsì. Fàkáǹsì dé, fàkáǹsì lọ, ìdí kan kì í tán kí òmíràn tó yọjú. Sùlé ló wà nílé. Òun ló ń gbá a. Nígbà tí àwọn ará Àmẹ́ríkà tó ń wá àwọn tó mọ̀ ọ́n gbá wá rí i ní Kutọnu, tí ilé-ẹ̀kọ́ bíi mélòó kan ń fẹ́ ẹ, ẹ̀yin lẹ ní kí ó yan tèmi, kí n lè máa se oúnjẹ fún un. Ẹ fún un ní rímù mi, ẹ fún un ní ohùn yín, ẹ tún wá fi èmi náà lé e.

Ẹ ò dúró kí eré parí. Wọ́n ti sin yín kí n tó rí ọkọ̀ òfurufú wọ̀. Àdúà ogójì ọjọ́ ni mo bá, Sùlé ò sì lè kúrò lẹ́nu eré. Síbẹ̀, òun ni wọ́n ń bi mí. "Ẹ kú ará fẹ́ra kù o. Ìwọ lo máa ń gbé fóònù fún Bàbá, àbí? Sùlé ńkọ́? Ṣé wọ́n ń fún un lóúnjẹ gidi?" Èmi ọmọ olóògbé, mo di agbéfóònù.

Ìdí nìyẹn tí mo fi mú òòlù yín láàárọ̀ yìí. Eré ti tán, rímù mi á bá mi lọ. Mo ti gun àga nígbà tí Bàbá Kékeré, àbúrò yín, jáde pẹ̀lú pákò lẹ́nu.

"Ará Àmẹ́ríkà! Kí ni òpó ṣe fún ẹ?"

"Tèmi ni rímù yìí, Bàbá Kékeré."

"Ta ló ń bá ẹ du ú? Kí o tó tú u, wo ìsàlẹ̀ rẹ̀."

Mo wò ó. Ojú ìṣó kún ara òpó náà, ọ̀kan lórí ọ̀kan bí àkàsọ̀.

"Bí fàkáǹsì bá ti dé tí o ò wá, bàbá rẹ á ní, 'Ọmọ mi á ti ga sí i.' Á gbé rímù sókè. Sùlé á bú sẹ́kún pé ọwọ́ òun ò kàn án mọ́. Bàbá rẹ á ní, 'Ìwọ kọ́ ni mo wọ̀n ọ́n fún. Bí o bá fẹ́ ẹ, fò.' Kí ni kó ṣe? Ó fò! Ó ń jowú ẹni tí kò rí rí, ìyẹn ló sọ ọ́ di ẹyẹ." Ó tu pákò sílẹ̀, ó rẹ́rìn-ín wọlé.

Bàbá, ṣé òótọ́ ni? Sùlé ò sọ ọ́ rí. Àmọ́ ọjọ́ tó kọ́kọ́ wá jẹun lọ́dọ̀ mi, ó wo orí mi, ó wo ẹsẹ̀ mi, bí ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ. Mo rò pé ìgbéraga ni.

Mo sọ̀ kalẹ̀. Mo dúró lábẹ́ rímù, mo na ọwọ́. Kò tó o. Mo fò, kò tiẹ̀ sún mọ́ ọn. Kúkúrú ni mí, Bàbá, bí ìyá mi. Níbo lẹ ti fẹ́ mọ̀? Orí fóònù, ojú mi nìkan lẹ ń rí, ìyókù Sùlé ni.

Ọmọbìnrin gíga inú ọkàn yín tí ẹ ń wọ̀n lọ́dọọdún yẹn, irú èèyàn wo ni? Ṣé ó ń kúnlẹ̀ kí yín kó tó gbá bọ́ọ̀lù? Ṣé ó ń fi èdè yín dá yín lóhùn? Mo ti fi Sùlé sílẹ̀. Ọmọbìnrin gíga yẹn ni mo ń jowú báyìí, òun tó wálé ní gbogbo fàkáǹsì.

N ò tú rímù náà lọ mọ́. Lọ́la, n ó ní kí Bàbá Kékeré bá mi sọ ọ́ kalẹ̀ sí ojú ìṣó tí ọwọ́ mi tó, kí ẹ lè mọ ibi tí mo ga dé.

Èmi ni,
ọmọ yín kúkúrú, tó fẹ́ràn yín.