Ìlẹ̀kùn Tí Ìwé Rẹ Ṣí

Ọmọ ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ọlọ́run má jẹ́ kí o bá òkú pàdé nínú àwọn ilé tí o ń kàwé nípa wọn. Télọ̀ ẹ̀gbẹ́ ilé wa ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí, mo sì ti kìlọ̀ fún un pé kó má fi èyí tí n ò sọ kún un.

A rí ìwé tí o kọ ní yunifásítì gbà. Télọ̀ kà á fún èmi àti bàbá rẹ ní pálọ̀. O ní nínú àwọn fíìmù àti ìtàn adẹ́rùbani wọ̀nyẹn, ilé kì í ṣe ilé, ọkàn onílé ni. O ní yàrá tí wọ́n tì pa ni ìbànújẹ́ tí ẹnu ò lè sọ, àti pé òkú tó ń rìn kì í ṣe òkú, ohun tí wọ́n tì mọ́bẹ̀ ló ń wá ọ̀nà jáde. O ní tíọ́rì lẹ fi ń mọ̀ ọ́n. Irinṣẹ́ tó ń rí inú ọkàn báyẹn á mà gbówó lórí o! Mo bi télọ̀ pé tí òkú gidi bá wá wọlé ńkọ́, ta ni yóò lé e? Ó ní o ò kọ ìyẹn sí i.

Bàbá rẹ ò rẹ́rìn-ín. O mọ̀ pé láti ìgbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin ti kú sí yàrá ẹ̀yìn ló ti kan ìlẹ̀kùn ibẹ̀ pa, tí kò sì dárúkọ ọmọ náà mọ́. Ilẹ̀ mọ́, ó gbé òòlù. Mo rò pé ibi iṣẹ́ káfíńtà rẹ̀ ló ń lọ, àfi bí mo ṣe gbọ́ tó ń yọ ìṣó. Ó wọlé, ó dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì ọmọ náà nínú eruku. Ibẹ̀ ló wà títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Oúnjẹ tí mo bá gbé fún un, èèrà ló ń jẹ ẹ́. Àwọn oníbàárà ń wá béèrè àga wọn, mo ń parọ́ pé ibà ló ń ṣe é.

Mo jágbe mọ́ ọn pé kí ló ń dúró dè. Ó ní òun ti ṣílẹ̀kùn bí ìwé rẹ ṣe wí, kí télọ̀ ka ohun tí èèyàn ń ṣe tẹ̀lé e. Télọ̀ yẹ ojú ìwé tó kẹ́yìn wò. O ní kí àwọn onímọ̀ mìíràn tẹ̀ síwájú nínú ìwádìí náà.

Onímọ̀ wo ni kí n lọ pè? Mo nílò kẹrosíìnì àti bàtà, àmọ́ má fi owó ránṣẹ́, fi wọ ọkọ̀. Bí kò bá tó, ta fóònù rẹ. Wá sọ èyí tó kù fún bàbá rẹ. Bí kò bá sí èyí tó kù, wá jókòó tì í.

Ọlọ́run á mú ẹsẹ̀ rẹ yá. Á jẹ́ kí o bá a láàyè.

Èmi ìyá bàbá rẹ ni, tí n ò tíì lè wọ inú yàrá náà.