Fàìzà, Ta Ló Fi Ọ́ Ṣe Adájọ́ Eré?

Abúlé Alágbọn,
Lẹ́bàá Ògbómọ̀ṣọ́.

Fàìzà Àmọ̀kẹ́ ọmọ mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú àìsinmi Abidjan. Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ọ ní Yopougon kò ní í gbàgbé rẹ, ẹsẹ̀ rẹ kò ní í yẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ọkọ̀ akérò gbaka. Ara bàbá rẹ le. Ewúrẹ́ dúdú ti bímọ méjì, ọ̀kan nínú wọn ń wo ènìyàn bí ẹni tó mọ nǹkan, mi ò fọkàn tán an.

Ọ̀rọ̀ tó mú mi kọ̀wé nìyí. Moufoutaou, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ, dé láti Abidjan, ó ní o ti fi ìsọ̀ aṣọ sílẹ̀ ní Adjamé, pé inú yàrá kan ní Zone 4 lo ń jókòó sí, o ń gbá géèmù, o sì ń kọ ìdájọ́ lé e lórí sínú fóònù kí àwọn tó fẹ́ rà á lè kà á, wọ́n sì ń sanwó fún ọ. Bàbá rẹ ní eré wo ni wọ́n ń gbowó lé lórí bí kì í bá ṣe tẹ́tẹ́. Ó ní kí n má fọwọ́ kan àpò ìrẹsì tí o fi rán Moufoutaou títí a ó fi mọ ibi tó ti wá. Ẹ̀bà la fi ṣe ọdún Iléyá, àpò ìrẹsì ń wò wá láti kọ̀rọ̀.

Mo mú fóònù lọ bá Sàlímátù tó fi ogún ọdún tajà ní Treichville ní Abidjan, tó gbọ́ Faransé, pé kó ka àwọn ìdájọ́ rẹ fún mi. Mo ní kó ka ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì, kí n lè mọ̀ bóyá ó ń fi tirẹ̀ kún un.

Nínú géèmù bọ́ọ̀lù kan, o ní ẹsẹ̀ àwọn agbábọ́ọ̀lù dán, ojú rẹfirí fọ́, kí wọ́n má rà á títí owó rẹ̀ yóò fi wálẹ̀. Fàìzà, ìgbà wo lẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ra ènìyàn? O ní ogun kan ní ẹ̀jẹ̀ púpọ̀, kò ní làákàyè. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ta ló ní kí o lọ síbẹ̀ lọ wò? O ní ilé iwin kan dára gan-an, pé ẹ̀rù ni kò jẹ́ kí o parí rẹ̀. Mo bi Sàlímátù pé ta ló ni ilé náà, ó ní kò sí onílé. Ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù.

Èyí tó gbẹ̀yìn jẹ́ nípa oko. O ní oko náà rẹwà, ọ̀fẹ́ ni wọ́n fi ń peni wọlé, omi ni wọn yóò fi gbowó lọ́wọ́ ẹni, kí wọ́n sá fún un. Mo rò pé ọmọ tó sá fún ọkọ́ kò lè dájọ́ oko, ni mo bá ní kí Sàlímátù ṣí i fún mi. Mo gbin àgbàdo. Kí n tó ká ẹsẹ̀ kò, ó ti yọ ọmọ. Mo fura. Nígbà tó yá ó bẹ̀rẹ̀ sí í rọ, Sàlímátù ní wọ́n ní kí n sanwó omi. Mo ti sọ àwọn àgbàdo náà lórúkọ nígbà náà, àánú wọn ṣe mí, ọwọ́ mi ti ń lọ sí etí ìró tí mo di owó sí kí n tó rántí ohun tí o kọ. Mo dá fóònù náà dúró.

Nígbà tí mo sọ fún bàbá rẹ, ó pe Moufoutaou, ó bi í pé ṣé àwọn olóko yìí kò gbé nǹkan wá kí o lè sọ̀rọ̀ wọn dáadáa. Moufoutaou ń wolẹ̀. Ó ní wọ́n gbé fóònù tuntun wá, o dá a padà, ọ̀gá rẹ bínú, nítorí pé òun rò pé orí rẹ kò pé ni òun kò ṣe sọ ọ́ fún wa. Bàbá rẹ dìde, ó mú ọ̀bẹ, ó já okùn àpò ìrẹsì náà fúnra rẹ̀, ó ní kí n dáná. Ó bu oúnjẹ lẹ́ẹ̀mejì.

Ó ní kí n bi ọ́ bóyá inú ọ̀gá rẹ ti rọ̀. Moufoutaou ní ó ti rọ̀, ṣùgbọ́n mi ò gbẹ́kẹ̀ lé ẹ̀rín tó fi sọ ọ́. Kọ ọ́ sí wa, má fi nǹkan pamọ́.

Jọ̀wọ́, fi owó páànù ránṣẹ́, ilé ìdáná ń jò. Má fi í gba inú fóònù, ọkùnrin tó ń san irú owó bẹ́ẹ̀ lọ́jà máa ń wojú mi jù. Fi í rán ẹni tó ń bọ̀ nílé, kó jẹ́ ẹni tó láya.

Ọlọ́run yóò la ojú rẹ sí i, ẹnu rẹ kò ní í dá ọ lẹ́bi. Bí òótọ́ tí o ń kọ bá sì lé ọ kúrò lẹ́nu iṣẹ́, má bẹ ẹnikẹ́ni. Máa bọ̀ nílé.

Èmi ni ìyá rẹ,
Àsíátù